Orí Kẹrin: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ápù àti Sáídà Wò, Tí A Sì Ń Ròyìn Wọn

Ẹni tó jẹ ápù mẹ́rin tán, tó ní gbogbo wọn ló dùn, kò tíì ròyìn ìkankan nínú wọn. Ìròyìn tó wúlò ni èyí tí ẹlòmíràn lè gbà lọ́wọ́ wa, kó mú un lọ síwájú àtẹ, kó sì fi dá ápù tí à ń sọ mọ̀ láàrin ogún. Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ wa nìyẹn. Kò gba ahọ́n àrà ọ̀tọ̀, kò sì gba owó rẹpẹtẹ. Ohun tó gbà ni kí á máa bi ẹnu wa ní ìbéèrè mẹ́rin kan náà, ní títẹ̀léra, nígbàkígbà tí a bá ti gé ápù tàbí tí a bá ti bu sáídà, ìyẹn ọtí tí a fi omi ápù ṣe, sínú ife:

1. Báwo ló ṣe dùn tó?
2. Báwo ló ṣe kan tó?
3. Ṣé ó korò, ṣé ó sì ń fún ahọ́n pọ̀?
4. Òórùn wo ló bá a wá?

Ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ ni egungun. Òórùn ni ẹran tó bò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fò mọ́ òórùn lójú ẹsẹ̀, tí a ó máa wá òdòdó àti oyin kiri nínú ife, nígbà tí a kò tíì mọ̀ bóyá ohun tó wà lẹ́nu wa kan tàbí kò kan. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń dàrú. Ẹ to egungun ná.

Mo kọ orí yìí fún àwọn ènìyàn wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí igi ápù wà lẹ́yìnkùlé tí sáídà sì wà ní gbogbo ilé ọtí, àti fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó tó ń ra ápù Gúúsù Áfíríkà lójú pópó. Ẹni tí kì í mu ọtí, ì báà jẹ́ nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera, lè fi ápù àti omi ápù nìkan kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí.

## Ohun tó wà nínú ápù

Ṣúgà ni àkọ́kọ́. Omi inú ápù sáábà máa ń ní ṣúgà tó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ápù tó gbó, sítáàṣì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bó ṣe ń gbó ni sítáàṣì ń di ṣúgà. Àwọn tó ń dá oko ápù a máa gé ọ̀kan sí méjì, wọ́n a fi áyódíìnì pa ojú rẹ̀. Ibi tó bá di dúdú, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí kò yí padà, ó ti di ṣúgà.

Ásíìdì ni ìkejì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ápù ni ásíìdì málíìkì, òun ló ń mú kí itọ́ sun lẹ́nu. Granny Smith kì í ṣe ápù tí kò ní ṣúgà. Ásíìdì rẹ̀ ló bo ṣúgà náà mọ́lẹ̀. Bí ápù bá ṣe ń pẹ́ níbi tí wọ́n kó o pamọ́ sí ni ásíìdì rẹ̀ ń dín kù. Ìdí nìyí tí ápù kan náà fi lè kan gógó ní oṣù kẹwàá, kó sì rọ̀ lẹ́nu ní oṣù kẹta. Nítorí náà, ẹ máa kọ oṣù tí ẹ jẹ ẹ́ sínú ìwé yín.

Tánìnì ni ìkẹta. Òun ló wà nínú obì, nínú tíì, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n àti nínú èso kajú. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń mú nǹkan korò, ó sì ń dì mọ́ èròjà inú itọ́ tó ń jẹ́ kí ẹnu máa yọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu á gbẹ, ahọ́n á sì fún pọ̀. Ẹ kọ́ bí a ti ń ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ewúro ń korò láì fi bẹ́ẹ̀ fún ahọ́n pọ̀. Kajú ń fún ahọ́n pọ̀ ju bó ṣe ń korò lọ. Ápù orí àtẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní tánìnì, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá nínú ápù tí wọ́n fi ń ṣe sáídà.

Òórùn ni ìkẹrin, imú ló sì ń gbọ́ ọ, àní nígbà tí oúnjẹ bá ti wà lẹ́nu. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi ìka dí imú yín, ẹ fi ègé ápù kan sẹ́nu, ẹ jẹ ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin. Adùn àti kíkan nìkan ni ẹ ó rí. Ẹ wá tú imú yín sílẹ̀ láì tíì gbé e mì: lójú ẹsẹ̀ ni òórùn ápù á gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè, tí ẹ ó sì mọ̀ pé ápù ni ẹ ń jẹ. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní da ohun tí ahọ́n mọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí imú mọ̀ mọ́.

## Ife mẹ́rin: ìdánrawò àkọ́kọ́

Ẹ ra omi ápù tí wọn kò fi nǹkan mìíràn kún. Ẹ fi báàgì tíì méjì sínú ìlàjì ife omi gbígbóná, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tutù. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú àwo kékeré. Ẹ wá da omi ápù sínú ife mẹ́rin, mìlílítà 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

- Ife kìíní: ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.
- Ife kejì: ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kékeré kan sí i.
- Ife kẹta: ẹ fi tíì líle náà ṣíbí ìjẹun méjì sí i.
- Ife kẹrin: ẹ fi ọsàn àti tíì sí i pọ̀.

Ẹ máa tọ́ wọn wò láti orí kìíní dé ìkẹrin, kí ẹ máa fi omi tútù ṣan ẹnu láàrin méjì. Ní ife kejì, itọ́ á sun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ife kẹta, adùn ni yóò kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni èrìgì yóò máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ní ife kẹrin, méjèèjì á dé, ọ̀kan á máa fa itọ́ jáde, èkejì á máa gbẹ ẹ́. Ẹ má gbàgbé ife mẹ́rin yìí, nítorí àwọn tó ń ṣe sáídà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín gbogbo ápù wọn sí ìdílé mẹ́rin bákan náà, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

## Ìgbésẹ̀ fún títọ́ ápù wò

Ẹ yan ápù mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé wọn kúrò nínú fìríìjì ní wákàtí kan ṣáájú, nítorí òtútù ń pa òórùn mọ́ inú. Kò sí lọ́fíńdà, kò sí oúnjẹ aláta kí á tó bẹ̀rẹ̀, a kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín. Omi àti búrẹ́dì lásán ni kó wà nítòsí. Èyí tó rọ̀ lẹ́nu ni kó ṣíwájú, kíkan ni kó tẹ̀ lé e, èyí tó ní tánìnì ni kó kẹ́yìn, nítorí tánìnì kì í tètè kúrò lẹ́nu.

Ojú. Ẹ wo àwọ̀ ìsàlẹ̀ àti àwọ̀ òkè. Ewé tútù tó ń di ìyeyè ní ìsàlẹ̀ ló ń sọ bí ápù ṣe gbó tó. Pupa òkè kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá èèpo rẹ̀ ń dán tàbí ó rí háráhárá bí awọ iṣu.

Ọwọ́. Ṣé ó wúwo fún ìwọ̀n rẹ̀? Ṣé ó le? Ẹ mi ín létí. Hóró inú Cox tó gbó dáadáa a máa ró wọ́rọ́wọ́rọ́.

Imú. Ẹ gbóòórùn ibi tí ó ti so mọ́ igi, kí ẹ tó gé e. Ẹ gé e, kí ẹ sì tún gbóòórùn ojú rẹ̀ kíákíá. Ẹ wo hóró rẹ̀: bó bá ti di àwọ̀ igi, ápù náà ti gbó. Ẹ má gé gbogbo ápù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí afẹ́fẹ́ ń yí ojú ibi tí a gé padà.

Eyín. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú èèpo. Ṣé ó ró lábẹ́ eyín? Ṣé omi ya jáde? Àbí ó ń rún bí ìyẹ̀fun tí a po gbẹ?

Ahọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́, ní títẹ̀léra. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo sí márùn-ún.

Lẹ́yìn tí ó ti wọ ọ̀fun. Kí ló kù lẹ́nu, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó? Ibí ni kí ẹ tó wá dáhùn ìbéèrè kẹrin, kí ẹ kọ òórùn kan tàbí méjì tó dá yín lójú, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

## Ápù mẹ́fà tó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀

Ohun kan wà tó ń jẹ́ kí ìròyìn ápù ṣeé gbé láti ìlú kan dé òmíràn. Hóró ápù kì í bí irú igi tó so ó, nítorí náà ẹ̀ka ni wọ́n ń gé lára igi tó dára, tí wọ́n ń lọ́ mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn. Gbogbo Bramley tó wà láyé, ara igi kan ṣoṣo ló ti wá. Orúkọ tó wà lára àtẹ nítumọ̀. Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ lè yí i díẹ̀, ṣùgbọ́n igi kan náà ni.

Golden Delicious ti West Virginia ní Amẹ́ríkà. Ìyeyè ni, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Adùn 4, kíkan 1, tánìnì òdo. Òórùn oyin díẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ó di ìyẹ̀fun lẹ́nu.

Gala láti New Zealand. Ó ró dáadáa lábẹ́ eyín. Adùn 4, kíkan 2. Òórùn rẹ̀ fúyẹ́, kì í sì í pẹ́ lẹ́nu. Ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó yọrí jù nínú rẹ̀.

Granny Smith. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Maria Ann Smith ló ní igi àkọ́kọ́, nítòsí Sydney ní Ọsirélíà. Ọdún 1868 ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó bẹ̀rẹ̀. Ewé tútù ni àwọ̀ rẹ̀, ó le, omi rẹ̀ pọ̀. Adùn 2, kíkan 4. Òórùn koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé.

Cox's Orange Pippin. Richard Cox, ẹni tó ti fi iṣẹ́ pípọn bíà sílẹ̀, ló gbìn ín ní Colnbrook, ní nǹkan bí ọdún 1825. Adùn 3, kíkan 3: àwọn méjèèjì bára dọ́gba, ìyẹn ló fi gbayì. Lórí wọn ni òórùn ọsàn àti ẹ̀pà wà, ó sì ń pẹ́ lẹ́nu. Ó máa ń dára sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ti já a.

Egremont Russet. Èyí ni eléèpo háráhárá. Ara inú rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kò ró púpọ̀. Adùn 4, kíkan 2, tánìnì 1. Òórùn ẹ̀pà ló gba iwájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọjá lára rẹ̀ nítorí ìrísí rẹ̀. Kí ẹ̀yin má ṣe bẹ́ẹ̀.

Bramley. Mary Ann Brailsford, ọmọdébìnrin kan ní Southwell, ló gbin hóró rẹ̀ ní 1809. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, apẹran kan tó ń jẹ́ Matthew Bramley ra ilé náà. Nígbà tí Henry Merryweather wá tọrọ ẹ̀ka igi náà láti máa tà á, Bramley ní kò burú, bí wọ́n bá ti lè fi orúkọ òun pè é. Ápù sísè ni. Adùn 1, kíkan 5. Lórí iná, ó máa ń tú pátápátá.

Ní Èkó, mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ ó tètè rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kejìlá ni Cox àti Egremont Russet máa ń dùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ayé ápù ṣe gbòòrò tó, kó lọ sí Brogdale nítòsí Faversham ní Kent, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ́jú ìran ápù tó lé ní 2,000 sí. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá sì ni Ọjọ́ Ápù, èyí tí ẹgbẹ́ Common Ground dá sílẹ̀ ní 1990; ní àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ oko àti ọjà máa ń jẹ́ kí àlejò tọ́ ápù tí kì í dé súpámákẹ́ẹ̀tì wò.

## Ìdílé mẹ́rin ti ápù sáídà

Ní 1903, wọ́n dá ilé ìwádìí èso àti sáídà sílẹ̀ ní Long Ashton, nítòsí Bristol. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. T. P. Barker, tó darí ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló pín ápù sáídà sí ìdílé mẹ́rin tí wọ́n ṣì ń lò di òní. Ohun méjì péré ló wọ̀n: ásíìdì àti tánìnì. Ààlà ásíìdì ni ìdá 0.45 nínú ọgọ́rùn-ún omi ápù, ààlà tánìnì ni ìdá 0.2.

- Dídùn: ásíìdì kò tó ààlà, tánìnì kò tó ààlà. Àpẹẹrẹ ni Sweet Coppin ti Devon.
- Kíkan: ásíìdì ju ààlà, tánìnì kò tó. Àpẹẹrẹ ni Brown's Apple. Bramley náà bọ́ síbí.
- Dídùn-korò: ásíìdì kò tó ààlà, tánìnì jù ú lọ. Àpẹẹrẹ ni Dabinett àti Yarlington Mill.
- Kíkan-korò: àwọn méjèèjì ju ààlà lọ. Àpẹẹrẹ ni Kingston Black àti Foxwhelp.

Ẹ rí i pé ife mẹ́rin tí ẹ pò nílé ló tún padà wá yìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Dabinett, nítorí òun ló ń ṣí ojú ẹni tí kò jẹ ju ápù àtẹ lọ rí. William Dabinett ló rí igi rẹ̀ nínú ọgbà igi etí oko ní Middle Lambrook, ní Somerset. Kò tóbi, pupa rẹ̀ ṣókùnkùn, kò dán. Bí a bá gé e jẹ, adùn tó nípọn ló ń kọ́kọ́ dé, kò sì sí kíkan kankan tó tẹ̀ lé e. Èèyàn á rò pé ápù dídùn lásán ni. Kò ní pẹ́ tí àárín ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀, tí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa lẹ̀ mọ́ eyín, bí ìgbà tí a jẹ kajú. A ó mu omi, kò ní lọ. Ẹni tó ń wá ápù jíjẹ á jù ú nù. Ṣùgbọ́n ìfúnpọ̀ yẹn gan-an ni yóò fún sáídà ní ara nígbà tí ìwúkàrà bá ti jẹ ṣúgà rẹ̀ tán. Omi ápù jíjẹ lásán, bó bá di sáídà, sábà máa ń fẹ́lẹ́, kó sì kan.

Kingston Black, tí orúkọ rẹ̀ wá láti abúlé Kingston nítòsí Taunton, jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba ápù tí wọ́n gbà pé ó lè dá ṣe sáídà tó pé, nítorí adùn, kíkan àti tánìnì ló wà nínú rẹ̀. Àwọn yòókù, pípò ni wọ́n sábà máa ń po wọ́n mọ́ra.

## Bí ápù ṣe ń di sáídà

Láàrin oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá ni wọ́n ń kó ápù sáídà jọ. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi rẹ̀ jáde, ìwúkàrà á sì sọ ṣúgà di ọtí. Àwọn kan ń lo ìwúkàrà tí wọ́n rà. Àwọn mìíràn ń fi í sílẹ̀ fún èyí tó ti wà lára ápù àti lára ẹ̀rọ ìfúntí. Bó bá wà ní ibi tútù, ó lè gba gbogbo ìgbà òtútù, òórùn rẹ̀ á sì dára sí i. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru, àwọn bakitéríà kan lè sọ ásíìdì málíìkì di ásíìdì láktíìkì, irú èyí tó wà nínú omi ògì. Sáídà náà á wá rọ̀ lẹ́nu.

Òfin owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọtí inú sáídà gbọ́dọ̀ ju ìdá 1.2 lọ, kó má sì tó ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún; ó kéré tán, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ omi èso. Èyí fi hàn pé omi àti ṣúgà lè pọ̀ nínú èyí tó wà nínú agolo. Fún ẹ̀kọ́ wa, ẹ wá ìgò tó sọ pé omi ápù gidi nìkan ni, tó sì kọ orúkọ ápù náà sára. Kí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà sì kíyè sí i: lọ́hùn-ún, ohun tí wọ́n ń pè ní cider lásán sábà máa ń jẹ́ omi ápù tí kò ní ọtí; hard cider ni ẹ ó béèrè.

## Títọ́ sáídà wò

Ife wáìnì ló dára jù, nítorí ẹnu rẹ̀ ń kó òórùn jọ. Mìlílítà 50 ti tó nínú ife kan. Kó tutù níwọ̀nba, bíi 12°C. Bó bá tutù bíi yìnyín, ohun tó dára àti ohun tó burú nínú rẹ̀ ló máa farasin. Ìgò mẹ́fà ni kó pọ̀ jù, kí ẹ sì ní àwo tí ẹ ó máa tu ú sí. Títu dànù kì í ṣe àrífín sí ẹni tó pọn ọ́n. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ sáídà ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá máa wakọ̀, aboyún, àti ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n dúró sórí ápù.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ síwájú tákàdá funfun: ṣé bí koríko gbígbẹ ni, tàbí bí oyin? Ṣé ó tòrò tàbí ó rú? Rírú kì í ṣe àbùkù nígbà gbogbo. Ṣé ó ń hó? Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mi ife. Ẹ mi ín, kí ẹ tún gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́nu, kó kan gbogbo ẹnu, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mẹ́rin náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni àárín adùn àti òórùn èso. Sáídà tí kò ní ṣúgà kankan mọ́ lè máa ta sánsán bí èso tó pọ́n, a ó sì ní ó dùn. Ẹ dí imú yín. Bí adùn náà bá ṣì wà lórí ahọ́n, ṣúgà ni. Bó bá pòórá, òórùn ni.

Fún òórùn, ẹ lo ohun tí imú yín ti mọ̀ láti kékeré. Sáídà Somerset àti Herefordshire, tí ápù dídùn-korò pọ̀ nínú wọn, lè ní òórùn kànáfùrù, èéfín igi tàbí ẹja gbígbẹ. Ó bójú mu bí kò bá bo ápù mọ́lẹ̀. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Kent àti Suffolk, ápù jíjẹ àti ápù sísè ni wọ́n ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, sáídà wọn sì fúyẹ́, ó kan, òórùn rẹ̀ sì mọ́. Ní Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìwúkàrà dúró kó má baà jẹ ṣúgà tán, nítorí náà tiwọn dùn, ó ń hó, ọtí inú rẹ̀ sì kéré. Ní Asturias, ní Sípéènì, ó kan gan-an, kì í sì í hó. Wọ́n ń na apá sókè kọjá orí, wọ́n á sì dà á láti òkè sínú ife tó wà nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè ta á jí, kí wọ́n sì mu ún lẹ́ẹ̀kan náà.

## Àwọn àbùkù tó yẹ kí á dá mọ̀

Fíníígà. Ó ń ta imú, ó sì ń jó ọ̀fun. Afẹ́fẹ́ ló ráyè wọlé tí bakitéríà fi sọ ọtí di ásíìdì. Ẹ má pè é ní kíkan ápù: kíkan ápù kì í ta imú.

Òórùn ohun tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Ó sábà máa ń bá fíníígà rìn.

Ẹyin tó bàjẹ́. Ìwúkàrà tí ìyà jẹ ló ń fà á. Ẹ mi ife dáadáa kí ẹ dúró díẹ̀. Ó lè fò lọ.

Sáídà tó ń fà bí ilá. Bakitéríà ló fà á. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n ẹnu ń kọ̀ ọ́.

Eku. Èyí ló ṣòro mú jù. Bí a bá gbóòórùn rẹ̀ nínú ife, kò sí nǹkan. A ó gbé e mì, a ó ní ó dára. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni òórùn ilé eku á wá bo ẹ̀yìn ọ̀fun, kò sì ní lọ bọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ásíìdì inú sáídà kì í jẹ́ kí èròjà náà fò. Itọ́ ló ń pa agbára ásíìdì náà tí òórùn fi ń jáde. Àwọn kan wà tí imú wọn kò lè gbọ́ ọ rárá, nítorí náà ẹ má fi ẹnu ẹnì kan ṣoṣo dájọ́ rẹ̀.

## Bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kọ orúkọ ápù, ibi tó ti wá, oṣù àti ọdún. Lẹ́yìn náà, egungun. Lẹ́yìn náà, òórùn. Ní ìkẹyìn, ohun tí ẹ rò ó sí. Ẹ wo ìròyìn yìí:

*Ó dùn gan-an, ó ń ta sánsán, mo fẹ́ràn rẹ̀.*

Kò sí ẹni tó lè fi èyí ra nǹkan kan. Ẹ wá wo èyí, tí wọ́n kọ nípa sáídà tí wọ́n fi Dabinett nìkan ṣe:

*Àwọ̀ oyin, ó tòrò, ó hó díẹ̀. Adùn 2, kíkan 1, tánìnì 4: ó ń fún ahọ́n pọ̀ ju bó ṣe ń korò lọ. Òórùn ápù sísè àti kànáfùrù. Ó pẹ́ lẹ́nu, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ. Kíkan rẹ̀ kéré fún èmi. Yóò dára pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹja díndín.*

Èrò ẹni wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró láyè tirẹ̀, lẹ́yìn ohun tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Ẹni tó fẹ́ràn sáídà tí kò kan á ka ìròyìn náà, á sì ra ìgò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gba tirẹ̀. Àmì ìròyìn òdodo nìyẹn.

## Ìdánwò ìparí

Ẹ pe ẹnì kan nínú ilé jókòó. Ẹ gé ápù mẹ́rin, ẹ bó èèpo wọn kí ojú má baà tú àṣírí, kí ẹ sì fi nọ́ńbà sí wọn lábẹ́ àwo. Ẹ kọ ìròyìn ìlà mẹ́ta nípa ọ̀kan nínú wọn, láì dárúkọ rẹ̀. Ẹ fún un kà, kó tọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kó sì mú èyí tí ẹ sọ.

Bó bá mú un, ìròyìn yín ti dúró. Bó bá mú òmíràn, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bi í léèrè ìlà tó ṣì í lọ́nà. Bó bá jẹ́ máàkì adùn tàbí kíkan ni, ẹ padà sí ife mẹ́rin, kí ẹ tún ahọ́n yín tò. Bó bá jẹ́ òórùn ni, ẹ fa ọ̀rọ̀ náà yọ, kí ẹ wá èyí tí ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀ fi dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ àyè: kó kọ, kí ẹ̀yin wá a. Ẹ tọ́jú ìwé náà, kí ẹ sì tún ṣe é ní oṣù kẹta pẹ̀lú irú ápù kan náà tí ẹ lò ní oṣù kẹwàá. Ẹ ó rí i kedere ohun tí àkókò ti mú kúrò nínú ápù náà, ẹ ó sì ní ọ̀rọ̀ tó péye láti fi sọ ọ́.